Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Nídìí Ìwé Mama Bozena

Ọ̀gá mi ti ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ nígbà tí inú bí Mama Bozena. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Mama, ẹ má bínú, kò sí ìwé tí à ń wá níbí." Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí, ojú ìyá àgbà náà yí padà bìrí, wọ́n sì nàka sí ilẹ̀kùn.

"Kò sí kẹ̀? Ọkọ mi fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn ìwé yìí, ìwọ wá wò wọ́n fìrí, o ní kò sí? Ó yá, ẹ jáde nílé mi!"

Èmi tí mo dúró lẹ́yìn ọ̀gá mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, ní àdúgbò Astoria ní New York. Tó bá di Sátidé, Hana ọmọ Mama yóò wá mú Mama lọ sí ilé tirẹ̀ ní Mariners Harbor, apá ibòmíràn nínú ìlú náà, yàrá kan ṣoṣo ló sì wà fún wọn níbẹ̀. Ìwé tí a kò bá gbà, Ramón tó ń tọ́jú ilé tí Mama ń gbé yóò kó o dà sínú àpótí ìdọ̀tí ńlá tó wà lẹ́yìn ilé. Bẹ́ẹ̀ ọkọ Mama ti bẹ̀ wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kó tó kú pé, "Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n da àwọn ìwé mi nù o." Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Mama sùn. Àwa la jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí wọ́n pè wá wo ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ọdẹ ni mí, ọdẹ ìwé: ìwé àtijọ́ tó ṣọ̀wọ́n là ń wá kiri láti tà. Láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì, àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní ilẹ̀ àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì ní Yúróòpù, akéwì, ayàwòrán àti ayàfọ́tò, tí nǹkan àtijọ́ sú pátápátá. Wọ́n ní ìwé kò gbọdọ̀ máa dúró gbagidi bí ẹni tó ń ya fọ́tò páspọ́ọ̀tù. Ni wọ́n bá ń to lẹ́tà kó dagun, wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì gé fọ́tò, wọ́n á lẹ ojú èèyàn mọ́ táyà kẹ̀kẹ́, wọ́n á gbé ọkọ̀ ojú omi lé orí obìnrin, wọ́n á wá tẹ ewì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìwé náà kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ogun jó òmíràn, ìjọba burúkú fòfin de òmíràn, èkúté náà sì jẹ tirẹ̀. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni púpọ̀ wọn, kò sí páálí lẹ́yìn wọn, bẹ́ẹ̀ èèpo ẹ̀yìn yẹn gan-an ni àwòrán tó dára jù máa ń wà. Ìwé tí èèpo rẹ̀ bá ti ṣí lọ, ìdajì rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé New York. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Pavel ní Manhattan, dídi ìwé sínú páálí ni wọ́n gbà mí fún. Ará Ṣẹ́ẹ̀kì ni àwọn òbí Pavel, ṣùgbọ́n New York ni wọ́n bí òun sí. Àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, àmọ́ ẹni tó bá ń sanwó oṣù fún ni, ọ̀gá là ń pè é. Ní ọ̀sẹ̀ mi àkọ́kọ́, mo rí ìwé kan tí lẹ́tà inú rẹ̀ dorí kodò, tí òmíràn sì ń yí po bí ìgbín. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bà á jẹ́, mo bá gbé e sáàárín àwọn ìwé tó ya. Pavel rí i níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Fúnmi, ìwé tí o kà sí ìbàjẹ́ yìí ló dára jù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n á ní kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lọ tún un tẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ mi. Ìfẹ́ iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára láìpẹ́, mi ò ní parọ́. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní àárọ̀ láti Parkchester níbi tí mò ń gbé, inú mi á máa dùn bí ọmọ tó ń lọ sí ọdún. Àwọn oníbàárà wa náà, ìran ni! Ọ̀kan wà, oníṣègùn eyín, tí kì í fọwọ́ kan ìwé láìfọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kan ó fọwọ́ títí, ó nu ọwọ́ gbẹ, ó kí gbogbo wa, ó sì gba ilé lọ láìmú ìwé tó wá rà. Èmi ni mo sáré bá a dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀.

Ká padà sí Astoria. Kì í ṣe pé Ọ̀gá Pavel ya aláìmọ̀kan. Gbogbo ìwé tó wà lára ògiri yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bébà aláwọ̀ ilẹ̀ kan náà ni ọkọ Mama fi bò wọ́n, kò sì kọ orúkọ ìwé kankan sí ẹ̀yìn. Olùkọ́ ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, ará Ṣẹ́ẹ̀kì bíi àwọn òbí Pavel. Pavel fa mẹ́ta yọ lókè: ìṣirò, ìṣirò, físíìsì. Ta ni yóò tún máa wá ewì níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ní ti lílé tí Mama ń lé wa yẹn, èmi kò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í dúró ṣánṣán bí òpó iná kí àgbàlagbà máa bínú sí i. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, orúnkún mi méjèèjì ti wà nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mama, ẹ má bínú. Ẹ foríjì wá."

Mama figbe ta. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni! "Jésù! Orúnkún rẹ ni? Ìwọ ọkùnrin yìí, ò ń wò ó níran? Lọ gbé omi wá ní kíṣìnnì!" Ìbínú fò lọ lójú wọn. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n ń fà mí sókè, èmi náà ń bẹ̀ wọ́n pé kò ṣe mí ní nǹkan kan, pé bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn. Pavel dúró ságbede méjì, kò mọ̀ bóyá kó lọ bu omi tàbí kó gbé mi.

Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yẹn ni ojú mi ti bá pẹpẹ ìsàlẹ̀ dọ́gba. Mo wo igun àwọn bébà náà dáadáa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, màmá mi á gbọn bébà sìmẹ́ńtì nù dáadáa, á fi bo gbogbo ìwé wa. Kì í lo gọ́ọ̀mù rárá. Ó ní ìwé tí wọ́n bá lẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí wọ́n bá bọ́ aṣọ rẹ̀ ni yóò ya. Ṣe ló máa ń ká igun rẹ̀ sínú bí àpò. Bí ọkọ Mama ṣe ká tirẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Igun ọ̀kan nínú wọn ti dẹ̀, nǹkan pupa fòò kan sì ń yọjú níbẹ̀. Ìwé ìṣirò wo ló ń wọ irú pupa bẹ́ẹ̀?

"Mama, ta ló bo àwọn ìwé yìí?"

"Ọkọ mi ni. Tó bá ti ra ìwé, kó tó jókòó ló ti máa ń bò ó. Ó ní ọwọ́ èèyàn lépo."

"Ẹ ti rí ohun tó wà lábẹ́ bébà yìí rí?"

"Èmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ìṣirò ṣe? Eruku ni mò ń nù kúrò lára wọn."

Mi ò fọwọ́ kan án. Mo ní kí Mama fúnra wọn bọ́ ọ, nítorí ìwé ọkọ wọn ni. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi ìka kan yọ igun rẹ̀, bébà náà sì bọ́ wọ́ọ́rọ́. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ rekete bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́: oòrùn pupa ràgàjì, òrùlé ilé lọ bẹẹrẹ, ọmọbìnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé sì ń gun kẹ̀kẹ́ lórí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ju ẹsẹ̀ méjèèjì sókè.

Mama gbé ìwé náà sún mọ́ ojú. Wọ́n wo ọmọbìnrin náà, wọ́n wo fọ́tò ọkọ wọn lára ògiri.

"Ẹ wo ọkùnrin yìí o! Ẹni tí kì í jẹ́ kí n wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fi orúnkún sílẹ̀!"

Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Èmi náà ń rín, mo di ìdí àga mú kí n má baà ṣubú lóòótọ́. Nígbà tí a máa bojú wẹ̀yìn, Ọ̀gá Pavel ti wà lórí orúnkún rẹ̀ níwájú pẹpẹ náà, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ń wo igun bébà kọ̀ọ̀kan.

Mama ní, "Ṣé orúnkún gbogbo yín ni kò dá ni?"

Títí ọjọ́ fi rọ̀, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Mama á bọ́ ọ, Pavel á kígbe, èmi á ká bébà rẹ̀ pọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìṣirò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé àwòrán pọ̀ jù ú lọ: àwọn tí mo ti ń gbọ́ orúkọ wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tí mi ò fojú kàn rí, tí gbogbo wọn wọ èèpo wọn pé. Ní àárín ẹ̀rín yẹn, Mama yíjú sí fọ́tò ọkọ wọn.

"Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n dà wọ́n nù. Mo rò pé oògùn ọsibítù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀."

Omi ti lé sí ojú wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú. Ayọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún ní tèmi, mi ò sì tijú ẹ̀.

Pavel ṣèlérí pé òun kò ní tú àwọn ìwé náà ká. Ó pe ilé ìkàwé kan ní ìlú yìí tó ti ń bá wa ra ìwé; lọ́jọ́ kejì wọ́n wá wò ó, wọ́n ní àwọn yóò gbà wọ́n pa pọ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ọkọ Mama sí i. Ọ̀kan péré ni Mama ní àwọn kò ní fún ẹnikẹ́ni: ọmọbìnrin orí kẹ̀kẹ́. Àmọ́ bébà tirẹ̀ ti ya níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bá wọn wá òmíràn.

Mo wo inú báàgì mi, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ló wà níbẹ̀. Mo fi bò ó bí màmá mi ṣe kọ́ mi, láìlo gọ́ọ̀mù. Bí mo ṣe yí i síwájú, Bíṣọ́ọ̀bù wa ló dúró níbẹ̀ tòun ti fìlà àti ọ̀pá.

Mama bi mí pé, "Ta ni bàbá yìí?"

"Bíṣọ́ọ̀bù wa ni, Mama."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kó máa ṣọ́ ọmọ yẹn fún mi."

Ní àárọ̀ Sátidé, a ti kó páálí tó kẹ́yìn sínú ọkọ̀ nígbà tí Ramón dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ìkólẹ̀ rẹ̀. Mama pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí i, wọ́n sì ní kó gbé kẹ̀kẹ́ náà padà lófìfo. Hana wá ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ó na ọwọ́ sí ìwé ọmọbìnrin orí kẹ̀kẹ́ tó wà lábíyá Mama pé kóun bá wọn gbé e sínú àpótí.

Mama gbá a mọ́ àyà. "Rárá o," ni wọ́n wí. "Bàbá rẹ ń bá mi jókòó níwájú."