Màmá Téèpù àti Tábìlì Tó Ga

Màmá Téèpù ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ń pè é, àwọn ọ̀gá pàápàá. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé aránṣọ ni. Kì í ṣe aránṣọ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ sílé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti ilé, kó wọn àga wọn, kó wọn tábìlì wọn, kó wo bí wọ́n ṣe ń jókòó, kó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bóyá ibẹ̀ dára tàbí kò dára. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun alára fi ṣiṣẹ́ táípù lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọrùn rẹ̀ ló jẹ ìyà rẹ̀. Títí di òní, bó bá fẹ́ wo ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àga kì í fi í ṣe àwàdà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Òwe kan wà tó máa ń pa kó tó fa téèpù yọ nínú báàgì: "A ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Bí èèyàn bá sọ fún un pé ọrùn ń dun òun, ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá ó kan ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè purọ́ àga fún un. Wọ́n sì ń gbìyànjú o! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ibùsùn látàárọ̀ dalẹ́ á gbọ́ pé Màmá Téèpù ń bọ̀, á ti gbá ilé, á ti to ìwé, á wọ bàtà sẹ́sẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀rín dín kù. Ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà pé ẹnikẹ́ni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ nílé kò bá yege, kó padà sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí Màmá Téèpù kọ "kò yege" fún ni ọkùnrin kan tó ń dá tọ́ ọmọ méjì. Òótọ́ ló kọ. Àmọ́ nígbà tó rí ọkùnrin náà ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ kejì, tí ìyẹn gbójú kúrò, inú rẹ̀ bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni bírò ti ń wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló dé ilé ọmọbìnrin kan tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn fún ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọ náà ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ má bínú, ilé kéré."

"Ilé kì í kéré, ẹrù ló máa ń pọ̀. Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́?"

Ó mú un wọ pálọ̀. Àga dúdú ńlá kan tó ń yí wà níwájú tábìlì gíláàsì, kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì. Ó dára lójú. Ó tiẹ̀ dára jù. Màmá Téèpù ní kó jókòó, ó jókòó. Ó ní kó rẹ àga náà sílẹ̀ díẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá abẹ́ àga bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ọ̀tún, ó wá òsì. Màmá Téèpù tẹjú mọ́ apá rẹ̀. Ó ti rí ìlà pupa lábẹ́ apá ọmọ náà méjèèjì, níbi tí etí igi ti ń jẹ ẹran ara, bẹ́ẹ̀ etí tábìlì gíláàsì yìí jọ̀lọ̀. Ó sì ti rí i pé èjìká rẹ̀ ti gòkè lọ bá etí, bí ẹni tí òjò ń pa.

"Ta ló ni àga?" ló bi í.

"Èmi ni, Màmá."

"Ta ló ni àga, ọmọ mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ará ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n dá a padà kó tó di aago mẹ́rin."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Màmá Téèpù, ni ohùn kan bá dún láti inú yàrá: "Ó ga! Ó ga o!"

"Bàbá mi ni. Ẹ má dá wọn lóhùn, wọ́n ń ráhùn ni. Rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lọ́dún tó kọjá, ó mú apá ọ̀tún, ó mú ọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó kù lẹ́nu wọn ò ju mẹ́ta lọ: 'omi', 'ọmọ mi', àti 'ó ga' yẹn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, èmi náà á ní, 'Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, á dáa.'" Ó sún mọ́ Màmá Téèpù. "Màmá, inú yàrá wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá rí mi, wọ́n á fẹ́ dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣubú. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé mi ò yege, mi ò ní ẹni tí mo lè fi wọ́n sílẹ̀ fún."

Bírò tó wà nínú báàgì tún wúwo sí i. "Mú mi lọ síbi tí o ti ń jókòó gan-an," ni Màmá Téèpù wí.

Bàbá náà wà lórí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé. Ní iwájú rẹ̀ ni tábìlì kan wà, igi líle tó nípọn, tó kún fún àpá ayùn àti ojú ìṣó. Káfíńtà ni bàbá náà fún ogójì ọdún. Orí tábìlì yìí ló ti ń fá igi, ní ìdúró. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kógbá sílé, tábìlì yìí àti àpótí irinṣẹ́ nìkan ni wọ́n gbé wálé. Ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ń gbé kọ̀ǹpútà lé, tó ń fi àga ìdáná jókòó tì í.

"Ẹ kúulé, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Bàbá wo ojú rẹ̀, ó wo téèpù ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára téèpù mọ́. Màmá Téèpù ní kí ọmọ náà gbé kọ̀ǹpútà wá láti pálọ̀, kó jókòó, kó máa tẹ nǹkan lórí rẹ̀. Ó wọn láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó wọn láti ilẹ̀ dé ojú tábìlì, ó sì sọ ọ́ síta bó ṣe máa ń ṣe: "Tábìlì yìí ga. Íǹṣì márùn-ún ló fi ga jù."

Ibùsùn mì. Bàbá ti na ọwọ́ òsì rẹ̀. "Ó ga!" Kò nà án sí ara rẹ̀. Tábìlì ló nà án sí, ó tún nà án sí èjìká ọmọ rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. "Ó ga! Ó ga!"

"Tábìlì ni? Bàbá, tábìlì lẹ ń sọ látọjọ́ yìí?" ni ọmọ rẹ̀ bi í.

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó mi orí títí.

Ọdún kan àti oṣù méjì! Kò sí ìráhùn kankan níbẹ̀. Káfíńtà ló wà lórí ibùsùn tó ń wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń jìyà lórí tábìlì tí kò bá a mu, tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń ní kó pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà gbé orí lé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá Téèpù yíjú síbi fèrèsé, òun náà ń nu ojú.

"Ó tó," ló wí níkẹyìn. "Ẹkún lè dúró, aago mẹ́rin ò ní dúró dè wá. Ayùn dà?"

"Màmá, mi ò lè gé e. Òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ wọn."

Àmọ́ bàbá ti ń nàka sí abẹ́ ibùsùn. Wọ́n fa àpótí jáde, wọ́n dojú tábìlì náà dé lẹ́bàá rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ òsì gba pẹ́ńsùlù. Ọwọ́ òsì kọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó fa ìlà sára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá Téèpù fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹ́ta pé íǹṣì márùn-ún géérégé. Ìkẹrin dín díẹ̀.

"Bàbá, èyí ò pé."

Bàbá mi orí pé rárá, ó nàka sílẹ̀. Màmá Téèpù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ jìn díẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yẹn máa ń wà. Òun tó ń fi ọ̀rọ̀ amúkùn-ún kọ́ gbogbo ayé, òun náà ò wo ìsàlẹ̀. Ojú tì í, ó sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀.

Ọmọ náà mú ayùn. Nígbà tí ayùn wọ́, bàbá pòṣé, ó ní, "Ṣíọ̀!"

"Ọ̀rọ̀ kẹrin nìyẹn o!" ni ọmọ rẹ̀ pariwo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí bàbá náà fi bá wọn rín in.

Nígbà tí wọ́n gbé tábìlì dúró, kò mì. Ọmọ náà jókòó, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. "Bàbá, ṣé ó ṣì ga?" Bàbá wò ó pẹ́, ó mi orí pé rárá.

Màmá Téèpù yọ fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ pé tábìlì ga nígbà tí òun dé, pé wọ́n gé e lójú òun, pé ibi iṣẹ́ náà yege. Òótọ́ ló kọ lọ́jọ́ yẹn náà, bírò ò sì wúwo. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó dáhùn rẹ̀ rí: ta ló ṣe àtúnṣe? Ó kọ "Káfíńtà" síbẹ̀, ó sì gbé bírò fún bàbá pé kó buwọ́ lù ú.

Ilé-iṣẹ́ gbà kí ọmọ náà máa ṣiṣẹ́ nílé. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì. Ní ibi ìbuwọ́lùwé, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni bàbá fà, irú èyí tí káfíńtà ń fà kó tó gé igi.