Obìnrin Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Ìkúnlẹ̀

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ṣakí, ọkàn mi kì í balẹ̀ sórí ìwé kan. Ọ̀kan kì í tán tí n ó fi ki òmíràn mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá kà ni mo máa ń rò fún ìyá ọkọ mi, bí a bá jọ ń bó ẹ̀gúsí lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún wọn pé ìyàwó télọ̀ inú ìwé mi ti ń rọbí. Lọ́jọ́ kejì, ìtàn àwọn olè orí omi ni mo gbé dé.

Ìyá ọkọ mi dáwọ́ dúró. “Ìyàwó, ṣé ó ti bí?”

Mo ní n kò mọ̀, ìwé yẹn ti sú mi.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á tún bi mí. Inú bí mi. “Màmá, ìtàn mà ni!”

Mo fi ìbínú ṣí ìwé náà. Obìnrin náà bí ọkùnrin. Mo sáré lọ sọ fún wọn nídìí kànga.

Wọ́n sọ korobá kalẹ̀. “Alihamudulilahi! Ó kú ewu ọmọ.”

Mo ti ń padà lọ kí wọ́n tó pè mí.

“Ìyàwó, nígbà tí o sá lọ bá àwọn olè, ta ló dúró tì í?”