Aṣọ Tí Màmá Hun fún Kọ̀ǹpútà

Oníbìínú ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹni tó sún mọ́ mi jù lọ ni mo máa ń kọ́kọ́ bá jà, ẹ̀yìn ìjà ni mo tó máa ń wá ohun tó ṣe é. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàká l'Ákùúrẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti há, kí oníkálukú tètè wá ibi tó máa gbà sí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Bàbá mi ni mo bínú sí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ èmi gan-an ni ẹ̀bi náà ti wá.

Ọmọ bíbí Oǹdó ni Bàbá mi, ìṣirò ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá mi, ọmọ Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé "ulé" ni wọ́n ń pe ilé títí tí wọ́n fi kú, ló kọ́kọ́ fi wá sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ òsì wọn ò gbéra mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ náà padà sí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ká jọ sáyà, ìka márààrún sì dì pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn di nǹkan mú tí kò fẹ́ kí wọ́n gbà á.

Obìnrin tó ń bá wọn na iṣan ní ọsibítù fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Bàbá wo bọ́ọ̀lù, wọ́n wo obìnrin náà. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí ni?" Nígbà tá a délé, wọ́n ju bọ́ọ̀lù náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yẹn ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí àwọn ìka wọ̀nyẹn ò bá ríṣẹ́ ṣe lójoojúmọ́, wọ́n á dì bẹ́ẹ̀ títí láé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà nílé tí mo ti rà fún àwọn méjèèjì nígbà tí Màmá ṣì wà láyé, kí wọ́n lè máa fi wo ìsìn àti àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo gbé géèmù kan sórí rẹ̀, eré ìdíje ọkọ̀. Mo ṣètò rẹ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á fi máa sáré, ọwọ́ òsì ni wọ́n á fi máa darí ọkọ̀. Ẹni tí kò bá lo ọwọ́ òsì, inú igbó ló ń lọ. Bàbá tí dókítà ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, tó jẹ́ pé ọkọ̀ wíwà ni wọ́n fẹ́ràn jù lẹ́yìn ìṣirò, sún mọ́ ọn bíi pé ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ni mo ṣí fún wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú òkun ni wọ́n wa ọkọ̀ náà sí. "Gbà mí o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ gbọ́ràn, lẹ́yìn náà ìka ìlábẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n fúnra wọn de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n sì jókòó sí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó gba oyè.

Nígbà tó pé ọdún kan tí Màmá kú, a ṣí àpótí wọn láti pín aṣọ. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí lóbìnrin ni mo ṣí i, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Àwọn àbúrò Màmá mú ti wọn, àwa ọmọ mú ti wa. Bàbá ò tọrọ nǹkan kan. Nígbà tá a dé ìsàlẹ̀ àpótí, a rí aṣọ òwú kan, aláwọ̀ ewé àti funfun, tí kò jọ aṣọ èèyàn. Màmá ò lè rí nǹkan tó wà lásán kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu kíkọ́ wọn hun aṣọ fún un. Tẹlifíṣọ̀n láṣọ, rédíò láṣọ, ọwọ́ ìlẹ̀kùn fíríìjì pàápàá láṣọ. Wọ́n á ní, "Ohun tí kò bá láṣọ nínú ulé mi, ìhòòhò ló wà." A yẹ aṣọ òwú náà wò, àṣé kọ̀ǹpútà ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Apá kan máa bo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, apá kejì máa bo ìsàlẹ̀, ibi bọ́tìnnì nìkan ló ṣí sílẹ̀. Orí ibùsùn àìsàn ni wọ́n ti hun ún, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá na ọwọ́. "Èyí ni tèmi."

Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo fà á wọ kọ̀ǹpútà náà fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Ó bá a mu wẹ́kú. Àbúrò Màmá kan wọ yàrá lọ láti lọ sunkún.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Bàbá pè mí sórí fóònù pé géèmù ti ń fà. Wọ́n ní ọkọ̀ á sáré díẹ̀, á dúró, á tún fò síwájú. Ní Sátidé, mo sáré dé Oǹdó, mo bọ́ aṣọ òwú náà kúrò kí eruku ọ̀nà má bàa bà á jẹ́, mo fi í sórí àga wọn, mo gbé kọ̀ǹpútà nìkan padà sí Àkúrẹ́. Ẹ kíyè sí ohun tí mo ṣe yẹn o.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà lẹ́yìn Ọjà Ọba tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹni méjì ò lè jọ dìde nínú rẹ̀. Ó tú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ eruku inú fáànù rẹ̀, ó nu ọ̀rá tó ń bá a fa ooru kúrò nínú, tó ti gbẹ, ó fi tuntun sí i. Ó ní, "Àǹtí, ooru ló ń bá a jà. Tí ooru bá mú kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ á dẹ ìrìn kó má bàa jóná." Ó gbé e lé orí ìdérí ìgò mẹ́rin, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó tan géèmù. Ọkọ̀ ń sáré ṣáá.

Mo gbé e padà lọ sí Oǹdó, mo tún yára padà nítorí iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù dún. Ó tún ti ń fà.

Mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gbẹ́ni náà yọ àwọn ètò tó ń dá ara wọn ṣí kúrò, ó sì dín bí àwòrán géèmù ṣe ń dán kù, kí iṣẹ́ má bàa pọ̀ jù fún ẹ̀rọ. Ó ṣiṣẹ́. Mo dá a padà. Fóònù tún dún. Nígbà tí mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi mí jókòó tì í, ó wa ọkọ̀ inú géèmù náà títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rọ yìí ò ṣàìsàn. Ibi tó ń gbé ni kẹ́ ẹ lọ wò."

Mo jágbe mọ́ ọn. "Ilé bàbá mi ló wá ń ṣàìsàn, àbí?" Mo já kọ̀ǹpútà gbà.

Láti Àkúrẹ́ títí tí ọkọ̀ fi kọjá Ipogun, inú mi ń ru. Ohun tí mo rò ni pé ó ti sú Bàbá, wọn ò fẹ́ sọ ọ́ ni. Nígbà tí mo wọlé, mo rí ọwọ́ òsì wọn. Ó ti padà sáyà. Àtàǹpàkò tó ti là ti tún wọ abẹ́ àwọn yòókù. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù yẹn sì di ìbínú kí n tó mọ̀.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọwọ́ yìí sàn ni? Kọ̀ǹpútà tó ń sáré l'Ákùúrẹ́ lójú mi báyìí, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, ló ń kú! Kí ló dé?"

Tínú bá bí Bàbá mi, èdè Oǹdó ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ìwé ni wọ́n fi dá mi lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mo ti rò ó. Mo ń tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo ń pàṣẹ fún ìka, ìka ń pẹ́ kó tó gbọ́. Ìka ń pàṣẹ fún ọkọ̀, ọkọ̀ ń pẹ́ kó tó gbọ́. Tó bá ń sáré fún ẹlòmíràn, a jẹ́ pé èmi ni àìsàn rẹ̀. Ọwọ́ yìí ti tún ń kú lọ ni. Gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé egungun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ti fi rò pé ọwọ́ wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n fojú ara mi rí i." Nínú gbogbo lílọ bíbọ̀ mi, mi ò jókòó wò ó rí.

Wọ́n dìde. Wọ́n mú aṣọ òwú lórí àga, wọ́n fi eyín di etí rẹ̀ kan mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fa ìyókù wọ kọ̀ǹpútà náà díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n mi orí. Eré àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó di ìkejì, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kíkankíkan, Bàbá tí etí wọn ti wúwo ò sì gbọ́ ọ. Ọkọ̀ dúró, ó fò, ó dúró. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀.

"Yéè!" Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Òwú nínípọn tí Màmá hun ti dí gbogbo ihò tó fi ń mí. Ìdérí ìgò mẹ́rin ti ọ̀gbẹ́ni ẹ̀yìn Ọjà Ọba wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bọ́ aṣọ yìí kí n tó gbé ẹ̀rọ lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ara ẹ̀rọ sì yá lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún un.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ojú tì mí. Mo sọ ọ́ ṣá. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ yín kọ́. Aṣọ Màmá ni. Ẹ má bínú sí mi."

Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún wọn pa aṣọ náà lára. Mo dìde lọ mú sísọ́ọ̀sì, mo ní n óò kàn gé ibi ihò nìkan.

"Gbé e sílẹ̀. Tí o bá gé òwú lágbedeméjì, gbogbo rẹ̀ ló ń tú. Wo igun ọ̀tún, lábẹ́. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ máa ń fi kókó pamọ́ sí."

Ibẹ̀ ló wà lóòótọ́, kókó tín-ín-rín kan. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ìgbéyàwó rẹ̀ wo obìnrin kan tó ń hun òwú, kò sí ohun tí kò mọ̀. Mo tú kókó náà. Bàbá ki ṣóńṣó òwú bọ àárín ìka òsì tó dì, wọ́n wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á, wọ́n ń ká a mọ́ ọn. Mo ní kí n bá wọn ká a. Wọ́n ní, "Jókòó."

Mo jókòó. Apá ìsàlẹ̀ ń tú ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ewé, funfun, ewé, funfun, iṣẹ́ tí Màmá fi agbára tó kù lára wọn ṣe. Omijé ń bọ́ lójú Bàbá, wọn ò nù ún, nítorí ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Òwú náà ń tóbi nínú àtẹ́lẹwọ́ òsì. Bó ṣe ń tóbi ni ìka ń yẹ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí àyè mọ́. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ jáde.

A fi apá òkè sílẹ̀ lẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ló wà dòní. Mo to ìdérí ìgò mẹ́rin sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá wa ọkọ̀ títí iná fi lọ.

Nígbà tá a padà lọ sí ọsibítù, obìnrin tó ń na iṣan mú ọwọ́ òsì wọn, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó wojú mi, ó wojú wọn. "Bàbá, ẹ wá tẹ bọ́ọ̀lù yẹn lóòótọ́?"

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ọwọ́ òsì ni, wọ́n mú bọ́ọ̀lù òwú aláwọ̀ ewé àti funfun jáde.

"Èyí ni mò ń tẹ̀," wọ́n wí. "Ìyàwó mi ló ṣe é sílẹ̀ fún mi."