Àtẹ́lẹwọ́ Lórí Gààrí

Mo rántí òórùn omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan, èyí tó máa ń ṣàn jáde lábẹ́ àpò tí a fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí á gba ẹ̀yìn ilé lọ sínú gọ́tà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gààrí rí n'Ìjẹ̀bú-Òde kò lè gbàgbé òórùn yẹn. Bó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ọkọ rẹ̀ á ṣì máa bi í pé kí ló kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún márùn-ún ni mo lò nínú òórùn náà, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá. Láyé àwọn ṣọ́jà ni, nígbà tí ìrẹsì wọ́n bí ojú, tí wọ́n ń fi kòbókò tò wá sórí ìlà bí ọmọ iléèwé. Gààrí wá di ọba. Ẹni tó bá ní gààrí nígbà náà, tíṣà àti akọ̀wé tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀.

Èmi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì mẹ́ta ni mo dé tí bàbá mi fi ní ẹnu tí mo ní yìí tó iṣẹ́ jẹ. Kò parọ́. Ìyá mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Àdéhùn wọn ni pé tí mo bá sìn ín fún ọdún márùn-ún láìsí ẹ̀sùn, yóò fa ìsọ̀ kan lé mi lọ́wọ́ lọ́jà. Ìsọ̀ yẹn ni mò ń rò sùn, òun ni mò ń rò jí. Mo ti mọ ibi tí màá gbé àga sí, mo tilẹ̀ ti mọ irú oníbàárà tí màá máa fi ẹnu gún lára.

Mẹ́rin ni wá níbẹ̀. Obìnrin méjì ń bó ẹ̀gẹ́, èmi ń fi ajọ̀ kù ú, Màmá Ìjàgun ló sì ń yan án. Màmá yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn wá láti Ìjàgun ní ìdájí. Èéfín ti jẹ ojú wọn títí ó fi pọ́n bí ata, ṣùgbọ́n bí gààrí ṣe ń dún nínú agbada ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti jinná. Ọmọ ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn wọn. Ìyá àwọn yẹn ti kú. Nínú gààrí yẹn ni gbogbo wọn ti ń jẹun.

Ọ̀gá kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́, tí a bá ti da gààrí tó tutù sínú ọpọ́n ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, á lé gbogbo wa síta, á fi ìdí àwo tẹ́ ojú rẹ̀ kó dán, á wá tẹ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sáàárín. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bu gààrí, àmì á bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀gá yàtọ̀. Ìka ọmọńdinrín rẹ̀ ti ṣẹ́ rí nígbà èwe, ó sì tẹ̀ síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Ilẹ̀kùn yàrá náà kò tilẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ṣeé jí, ọwọ́ òun kò ṣeé jí. Láàárọ̀, kó tó kí wa, á ti kọ́kọ́ lọ kí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

"Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wò ó bóyá ẹ ṣeé kí."

Mi ò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tó fi pè mí sẹ́bàá kànga. Ó ní, "Ìwọ nìkan ni mo fọkàn tán nínú ilé yìí. Olè ni àwọn tó kù. Ìwọ ni ojú mi. Ohun tó o bá rí, wá sọ ọ́ fún mi, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Oúnjẹ kò wọlé sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, nítorí ayọ̀. Ẹ wo òmùgọ̀. Mo ṣe bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹjọ́ lọ: ẹni tó ju gààrí gbígbóná sẹ́nu, ẹni tó sùn lójú iṣẹ́, ẹni tó ní wíìgì Ọ̀gá jọ adìyẹ tó sàba. Èmi ni mo sọ ti wíìgì yẹn, àmọ́ mo fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Àwa mẹ́rin á jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, a ò ní bára wa sọ ju "na ajọ̀ yẹn sí mi" lọ. Tí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù á máa wò ó bí ẹni tó rí ejò.

Ó ku oṣù méjì kí ọdún márùn-ún mi pé, mo tètè dé ibiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Màmá Ìjàgun nìkan ni mo bá, wọ́n ń fẹ́ná. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ mú ajọ̀ mi. Bí mo ṣe na ọwọ́, alángbá kan já bọ́ láti orí àjà, ó bọ́ sórí gààrí gbàgà, ó sáré gba àárín àmì ọwọ́ Ọ̀gá kọjá, ó bá ojú fèrèsé lọ.

Ká ní mo pariwo ni, Ọ̀gá ì bá wá, ì bá rí ẹsẹ̀ alángbá, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ilé tí wọ́n bá ti gba ara wọn gbọ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn. Èmi rò ó pé wọ́n á ní inú yàrá ni wọ́n bá mi, alángbá kò sì ní padà wá jẹ́rìí. Mo mú àwo, mo tẹ́ ojú gààrí náà kó dán, mo wá tẹ ọwọ́ tèmi sí i. Mo fa ìka ọmọńdinrín mi síta títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ọwọ́ tó jáde níbẹ̀ dà bí ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ báárà.

Ọ̀gá wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò pariwo.

"Ta ló kọ́kọ́ dé lónìí?"

Èmi ni ojú rẹ̀; èmi ni mo dáhùn. "Màmá Ìjàgun ni mo bá nílẹ̀, Ọ̀gá."

Òótọ́ ni. N kò tíì pa irọ́ tó burú tó òótọ́ yẹn rí. Ká ní ó ní ká wá fi ọwọ́ wa wọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi ni ì bá bá a mu régé. Kò tilẹ̀ rò ó. Ẹni tó ti ní olè lọ́kàn tẹ́lẹ̀ kì í wá ẹ̀rí.

"Màmá, ẹ kó ẹrù yín."

Màmá Ìjàgun kò bẹ̀bẹ̀. Wọ́n wo agbada tó wà níwájú wọn. "Èyí tó wà lórí iná yìí ńkọ́? Ṣé kó jóná ni, àbí kí n yan án tán?"

"Ẹ yan án tán."

Wọ́n yan án tán. Kò sí èyí tó jóná. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ kò gbójú sókè.

Mo tẹ̀ lé wọn dé kọ̀rọ̀ títì. Wọ́n gbé ẹrù wọn kalẹ̀.

"Ṣé Ọ̀gá ti sọ fún ìwọ náà pé ìwọ ni ojú wọn?"

Mo tẹjú mọ́ ẹrù wọn nílẹ̀.

"Èmi náà ni. Àwọn méjì yẹn náà ni. Ojú ló kún ilé yẹn báyìí." Wọ́n fi etí ìró nu omi èéfín lójú. "Mo rí ẹ láàárọ̀. Pákó ilẹ̀kùn yẹn ní ihò. Mo rí alángbá, mo rí àwo, mo rí bó o ṣe ń fa ìka. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?"

"Ìwọ ni wọ́n bi, o sì dáhùn." Wọ́n gbé ẹrù wọn sórí. "Ìsọ̀ rẹ ò ní pẹ́ mọ́. Rọra máa kù ú o, pàǹtí máa ń pọ̀ nínú tìẹ."

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Wọn ò sọ pé ẹni náà lè dúró síbẹ̀ kó máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dà. Ibi tí mo dúró sí yẹn kò jìnnà sí iwájú ilé Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mélòó kan péré ni. N kò rìn ín lọ jẹ́wọ́. Mo padà, mo jókòó sídìí agbada, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan gààrí.

Oṣù méjì pé, Ọ̀gá fún mi ní ìsọ̀. Ó gbàdúrà fún mi lójú gbogbo ọjà, ó ní ọmọ olóòótọ́ ni mí, mo sì ṣe àmín ketekete. Nígbà tí mo tajà níbẹ̀ fún ọdún kan, mo di gààrí sínú àpò, mo gbé e lọ sí Ìjàgun. Wọ́n ní Màmá ti kó àwọn ọmọ náà lọ sí oko n'Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. N kò dé ibẹ̀. Ọkọ̀ wà, ojú tí màá fi wò wọ́n ni kò sí.

Ọ̀gá ti kú tipẹ́. Èmi náà ti ní ilé gààrí tèmi, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ló sì ń bá mi ṣe é. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín gan-an ju bó ṣe yẹ lọ, n kì í sì í bá wọn wí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nírọ̀lẹ́, mo tẹ́ ojú gààrí inú ọpọ́n kó dán, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi sí i. Làkúrègbé ti mú ọwọ́ ọ̀tún mi láti ọdún méjì; ìka ọmọńdinrín mi kò nà mọ́, ó ti tẹ̀ síta. Mo wo àmì náà. Ọwọ́ Ọ̀gá ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, kí lẹ̀ ń wò?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo fi ọwọ́ tú gbogbo rẹ̀ ká, mo fi àpò bò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé ìdí ọpọ́n kí n tó dá wọn lóhùn.