Bátìrì Mẹ́rin àti Iṣẹ́ Ọkùnrin

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tún iná ọkọ̀ ojú omi ṣe, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Ṣájà ọlọ́kọ̀ kan kọ̀, kò fún bátìrì níná mọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, ọkùnrin náà wò ó látòkè délẹ̀: "Ọkọ yín ńkọ́? Iṣẹ́ ọkùnrin nìyí."

Ẹ̀gbọ́n mi fi sípánà de nọ́ọ̀tì kan létí ṣájà, ó ní: "Ẹ gbé bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí èbúté, sà."

Ọlọ́kọ̀ gbé wọn lọ, ó gbé wọn bọ̀, òógùn bò ó. Ẹ̀gbọ́n mi so wọ́n padà, iná ṣájà tàn.

"Nọ́ọ̀tì kan ló tú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo ti dè é tipẹ́."

"Kí wá ni mo ru bátìrì fún?"

"Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn, sà."