Yẹ́lò Ìyá Mi, Búlúù Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì lè gba abẹ́ tábìlì kọjá láì tẹríba, yàrá kan ni èmi, bàbá mi àti ìyá mi jọ ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: bí ará ilé kan bá ń dín ata, ìwọ ni wàá máa wúkọ́.

Èéfín sítóòfù ti sọ ògiri wa di dúdú, ọ̀rọ̀ ọ̀dà bá délẹ̀. Bàbá mi fẹ́ búlúù, ó ní yóò lé ooru. Ìyá mi fẹ́ yẹ́lò, kí yàrá lè mọ́lẹ̀ bí iná bá lọ. Wọ́n kun díẹ̀díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo ará ilé sì wá wò ó. Ìyá Sìkírù tó ń gbé yàrá ọ̀ọ́kán ní yẹ́lò náà jọ ẹ̀bà elépo. Èmi tí mo ní méjèèjì jọra, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri títí màá fi rí ìyàtọ̀.

Kò sẹ́ni tó gbà fẹ́nì kejì, ni kálukú bá kun apá tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń rán síra wọn. “Sọ fún bàbá ẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ wọn lè kan ara wọn! Nígbà tó yá, ìyá mi di ẹrù, ó fẹ́ kó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àjàó Estate.

Kó tó jáde ni ibà gbé bàbá mi dè. Ó ń gbọ̀n lórí ẹní.

“Ìyá Bísí, búlúù yìí ti tutù jù. Ẹ gbé mi lọ sí apá yẹ́lò.”

Ìyá mi tú ẹrù, ó fa aṣọ yọ, ó fi bò ó. Kò pẹ́ tí òógùn bò ó: “Ẹ dá mi padà.” Bí a ṣe ń wọ́ ẹní lọ, tí a ń wọ́ ọ bọ̀ nìyẹn, títí ìyá mi fi sùn lọ fọnfọn ní apá búlúù.

Nígbà tí ara bàbá mi yá, ìjà náà tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúkojú ni wọ́n ń jà á wàyí, wọn ò rán mi mọ́. Inú mi dùn débi pé mo jẹ ẹ̀bà àjẹyó.

Lónìí, orí fóònù lèmi àti ọkọ mi ti yan ọ̀dà ilé wa. Ó ní funfun, mo ní ó dáa, ó parí. Àwọn ọmọ wa wà ní yàrá tiwọn, ilẹ̀kùn wà ní títì, aládùúgbò wa kò sì wọlé wa rí. Lánàá, mo sọ fún ọkọ mi pé funfun yẹn ò wù mí mọ́. Ó ní kò burú, ká yí i padà, kò tilẹ̀ bá mi jiyàn.

Inú bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú.