Àpáta Tí Wọ́n Tì Pa

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin kan fi ṣọ́ àpáta tí ìjọba ìbílẹ̀ tì pa. Onírúlà làwọn ará àdúgbò ń pè é, torí àràárọ̀ ló máa ń fi rúlà wọn ibi tí àpáta náà ti sán. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ibẹ̀ ti fẹ̀ débi pé ìka rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó fi òòlù kàn án pẹ̀lẹ́. Ó dún bí ìkòkò òfìfo.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun àpáta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n ṣí ibẹ̀. Nígbà tí wọn ò dá a lóhùn, òun àtàwọn méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ gé wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí àpáta ká lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n gbé okùn wọlé.

Onírúlà bá wọn nídìí àpáta.

"Àbúrò, ó ti ń fẹ̀ sí i o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Àgádágodo nìkan ni ọ́fíìsì yín mọ̀."

"Ó dáa. Máa gùn ún. Èmi ni màá di okùn ẹ mú."

Ó lọ dúró gan-an lábẹ́ ibi tó sán, kò dé akoto. Àbúrò rẹ̀ wò ó, ó wòkè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀." Kò mira. Wọ́n fìbínú ká okùn wọn, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, àpáta já lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó ń wọ̀n. Apá òsì ló já, níbi tóun fúnra rẹ̀ ti sọ pé kò léwu, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí níta wáyà fáwọn tó ń nasẹ̀. Nígbà tó sáré débẹ̀, eruku ṣì ń rú, bẹ́ǹṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rún wómúwómú. Kò séèyàn lórí ìkankan. Ó jókòó sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ bá a. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ibo ló tún kù tẹ́ ò tíì wọ̀n?"

"Ó pọ̀."

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í hú òpó ọgbà, wọ́n ń rì í sẹ́yìn, kúrò nítòsí àpáta. Ọgbọ̀n ìṣísẹ̀.

"Ṣé ó tó?"

"Mi ò mọ̀. Jẹ́ ká tún sún un."

Nígbà tó fi máa dìrọ̀lẹ́, ilé Onírúlà fúnra rẹ̀, tó wà nítòsí ibẹ̀, ti bọ́ sínú ibi tí wáyà yí ká. Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí àpáta, ó ń ṣọ́ ọ, kò ṣẹ́jú.